Pẹ́pẹ́yẹ tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọkọ̀ wa

Bàbá Kúnlé, ẹ jí ná, kí n tó gbàgbé àlá tí mo lá. Ọkọ̀ wa tó ti gbó yẹn ló tún gbóná, èéfín ń rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ìgbà tí wọ́n ń se ẹ̀wà. Inú yàrá wa níbí ló dúró sí. Mẹkáníìkì wa wọ kóòtù ìgbéyàwó, ó ní ẹ́ńjìnì ti kú, ká lọ tà á fún àwọn onírin. Mo ní irọ́ ni! Omi tí à ń bù sí rédíétọ̀ láràárọ̀, ibo ló ń gbà lọ, nígbà tí kò sí ẹ̀kán omi kan lábẹ́ ọkọ̀?

Ni mo bá ń tẹ̀lé ìró omi láàárín àwọn ìjókòó, ọkọ̀ ń gùn sí i, títí mo fi dé ẹ̀yìn pátápátá. Pẹ́pẹ́yẹ kan ló ń lúwẹ̀ẹ́ lórí kápẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ rẹ̀ tò sórí ìjókòó, gbogbo wọn de bẹ́líìtì. Ó wò mí, ó gbé apá sókè, mo sì rí i: páìpù tó ń gbé omi ẹ́ńjìnì wá sẹ́yìn láti mú ibẹ̀ móoru ti dípẹtà, ó ti lu. Mo fi ìborùn mi dì í pinpin. Ọkọ̀ tutù wọ̀ọ̀! Mo wà á gun òkè, kò gbóná mọ́, mẹkáníìkì ń sáré tẹ̀ lé mi, ó ń pàtẹ́wọ́, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń ké "Ìyá Kúnlé o!" Ariwo wọn ló jí mi.

Ẹ dìde jàre, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. A ò tíì ṣí kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn yẹn wò rí; bóyá abẹ́ rẹ̀ ni omi wa ń lọ.