Iná Méjì Tó Wọ Abẹ́ Omi Lọ

Ogún ọdún ni Ọ̀gákọ̀ fi pa irọ́ kan ṣoṣo, irọ́ náà sì ń sanra sí i lọ́dọọdún. Níbẹ̀rẹ̀, ó ní ẹja kan tó tóbi tó màlúù ló kọlu ọkọ̀ ojú omi tí òun ń wà, tí ọkọ̀ fi rì. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì, ẹja ọ̀hún ti ju ilé alájà méjì lọ, ó sì ti ń wo èèyàn lójú kó tó kọlù wọ́n. Ẹnikẹ́ni ò kú lọ́jọ́ náà. Èrò mẹ́sàn-án tó wà nínú ọkọ̀ ló wẹ̀ dé etí omi, aṣọ wọn rin gbingbin, inú ń bí wọn. Ọkọ̀ nìkan ló kù sísàlẹ̀.

Ìgbà tó yá ni iléeṣẹ́ èbúté kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ayàwòrán ni ọmọ náà. Fídíò ìgbéyàwó ló ń yà jẹun, àmọ́ ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé àgbá atẹ́gùn kẹ́yìn wọ abẹ́ omi, torí ó ní ẹja kì í pe èèyàn lórí fóònù láti bèèrè pé fídíò òun dà. Iléeṣẹ́ èbúté fẹ́ kó ya ọkọ̀ bàbá rẹ̀ yí ká, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kí wọ́n gbé e kúrò lọ́nà tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Kámẹ́rà wà. Iná ni kò sí.

“Mo máa bá ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù,” ni Ọ̀gákọ̀ wí.

Ọmọ wò ó. Bàbá tí kì í sin èèyàn dé ẹnu géètì. “Dádì, kí lẹ mọ̀ nípa iná abẹ́ omi?”

“Nínú èmi àtìwọ, ta ló pẹ́ lórí omi jù?”

“Orí omi lẹ wí yẹn. Abẹ́ ẹ̀ ni mò ń lọ.”

Ṣọ́ọ̀bù náà ò fẹ̀ ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Aṣọ ìwẹ̀ dúdú rọ̀ láti òkè bí ẹni pé àwọn tó ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ jáde nínú wọn, dúrọ́ọ̀mù ńlá kan tó kún fómi sì wà lẹ́yìn káńtà fún ìdánwò. Antí Àgbá ló ni ín, obìnrin kan tó ti fi ọdún mọ́kànlá jó irin pọ̀ nísàlẹ̀ omi, tí etí rẹ̀ kan ò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Ọmọ ò tíì kí i tán tí Ọ̀gákọ̀ ti mú tọ́ọ̀ṣì kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ. “Èyí ti tó. Iná tó bá mọ́lẹ̀ jù, ẹja ò fẹ́ràn ẹ̀.”

“Bàbá, èyí ni wọ́n fi ń wo aago ọwọ́,” ni Antí Àgbá dá a lóhùn.

Bàbá gbé e sílẹ̀, ó mú òmíràn tó gùn. Antí Àgbá ti tọ́ọ̀ṣì náà bọ inú dúrọ́ọ̀mù, ó tàn án. Ìmọ́lẹ̀ náà lọ tààrà bí igi ìgbálẹ̀.

“Èyí dáa téèyàn bá ń wá òrùka tó jábọ́,” ló sọ fún ọmọ. “Tó o bá fi ya fídíò, àárín nìkan lá mọ́lẹ̀ gbòò, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á ṣú. Èyí tó fẹ̀ ni kó o rà, àbúrò. Méjì. Má sì so wọ́n mọ́ orí kámẹ́rà o. Ìdọ̀tí inú omi á máa dá iná padà sójú ẹ, wàá rò pé òjò yìnyín ń rọ̀. Fi apá gígùn gbé wọn jìnnà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.”

“Bátìrì ẹ̀ ńkọ́, antí?”

“Wákàtí kan tó o bá tàn án dé òpin. O ò ní lò tó bẹ́ẹ̀. Àti pé nísàlẹ̀ yẹn, omi á ti gbé àwọ̀ pupa mì. Ohun tó pupa á dúdú lójú ẹ. Iná yìí lá dá a padà.”

Ọ̀gákọ̀ wúkọ́. “Kí ni pupa ń wá nísàlẹ̀ omi?”

Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn iná náà wò. “Ó wúwo jù.”

“Kò wúwo tó bá dénú omi, bàbá. Ẹ̀yin gan-an ò ní wúwo.”

Bí wọ́n ṣe ra méjì nìyẹn.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọmọ àti Antí Àgbá, tó gbà láti bá a lọ, jọ wọ omi. Bí wọ́n ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni gbogbo nǹkan ń di àwọ̀ eérú, títí tí ọkọ̀ náà fi yọ bí ẹni tó ń sùn. Ọmọ tan iná. Ìpẹtà ọkọ̀ yọ bí ọsàn tó pọ́n. Ó ń yà á bọ̀ láti imú, díẹ̀díẹ̀, ó ń wá ibi tí ẹja alájà méjì ti kọlù ú. Kò rí ibi tó tẹ̀ wọnú, kò rí ibi tó ya.

Ìdí ọkọ̀ ló ti rí ihò kan tó rí roboto, tí kò fẹ̀ ju ẹnu ife lọ. Ihò tí wọ́n fi ń dá omi òjò nù ni, nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí ilẹ̀. Ìdérí ẹ̀ rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí ṣéènì. Bí iná ṣe kàn án, ó pọ́n ròdòròdò, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sí i lára pé: DÍ MI KÓ O TÓ LỌ.

Ọmọ mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà. Òun náà ni bàbá rẹ̀ fi kọ orúkọ sára gbogbo ìwé iléèwé rẹ̀. Antí Àgbá rẹ́rìn-ín títí tí ìfóòfó omi fi bò ó lójú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọmọ jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń ronú bóyá kóun gé ibẹ̀ kúrò. Bàbá òun ni. Ṣùgbọ́n èrò mẹ́sàn-án ló wẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀kan nínú wọn sì lóyún. Ó gbé fídíò náà sórí tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀. Ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ lórí àga, Ọ̀gákọ̀ sì jókòó tì í. Ìyá rí ọ̀rọ̀ tó wà lára ìdérí náà, ó kà á sókè, ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀.

“Ta ló kọ nǹkan yìí?”

“Èmi ni.” Ọ̀gákọ̀ fi ọwọ́ pa orí ara rẹ̀. “Fìlà tuntun ni wọ́n fún mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mò ń wo ara mi nínú gíláàsì. Ìgbà tí mo máa rántí ìdérí, omi ti dé orúnkún.”

Ìyá gbé ṣẹ́ẹ̀tì tó ń ká sílẹ̀. “Ogún ọdún lẹ fi jẹ́ kí n máa ṣàánú yín. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹja níwájú yín nínú ilé yìí.”

“Mo rí i,” ni Ọ̀gákọ̀ wí. “Ẹja sì ń wù mí jẹ.”

Ìyá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ọmọ tẹ̀ lé e. Ọ̀gákọ̀ ò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ní kí ọmọ má gé nǹkan kan kúrò, kó fi ránṣẹ́ síléeṣẹ́ èbúté bó ṣe wà.

Lọ́jọ́ Àìkú, òun fúnra rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì, ó sì fẹnu ara rẹ̀ rò ó fún wọn. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ débi tí eyín àtọwọ́dá ọ̀kan nínú wọn fi já bọ́ sínú tíì. Nígbà tó padà délé, ó bọ́ bàtà, ó nà sórí àga pálọ̀ tòun ti oòrùn tó ń wọlé lójú fèrèsé, ó sì sùn fọnfọn.