Ohùn Tí Sìdíkátù Tún Ṣe

"Ta ló ṣí inú ẹ̀?"

Hamdalah gbé àpótí irin kékeré náà dání, ó ń yí i sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń wá ojú ọgbẹ́ lára ọmọ tó ṣubú. Sìdíkátù, ìyá rẹ̀, kò gbójú kúrò lára rédíò tó tú sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó ti ń retí ọpẹ́ láti àárọ̀.

"Èmi ni. Mo ti bá ẹ tún un ṣe."

"Mọ́mì! Ta ló ní kí ẹ tún un ṣe? Kò bàjẹ́ o!"

"Kò bàjẹ́ kẹ̀? Nǹkan tó ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta tí òkúta bọ́ sí lẹ́nu?"

Àmúsà, télọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, yọrí lójú fèrèsé. "Ìyá Hamdalah, ṣé lóòótọ́ lẹ ti tún un ṣe? Ọlọ́run á san yín lẹ́san! Ní gbogbo Ìdímù, àwa nìkan là ń bá ẹ̀rọ ìlọta tó ń kọrin gbé."

"Bọ̀dá Àmúsà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá sí i." Omi ti ń lé ròrò lójú Hamdalah.

Kò sẹ́ni tó kọ́ Sìdíkátù níṣẹ́ títún rédíò ṣe. Ẹ̀gbẹ́ Ọláṣùpọ̀ ọkọ rẹ̀ ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa bá a di wáyà mú, tí yóò sì máa bi í ní ìbéèrè títí yóò fi sú u. Nígbà tí ọkọ náà kú, òun ló ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ padà. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́, yóò tú u, yóò tẹ̀lé ọ̀nà iná láti ibi tó ti wọlé títí dé ibi tó ti ń sá lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún àpótí tí ọmọ rẹ̀ máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀ bó bá ń ta gìtá. Ó bá dáyóòdù méjì, ẹ̀yà iná tíntìntín, níbẹ̀, tí wọ́n ń gé orí ohùn dànù nígbàkígbà tó bá fẹ́ ga sókè. Ó yọ wọ́n. Ohùn gìtá mọ́ bí omi òjò, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó ń rẹ́rìn-ín lóun nìkan.

"Ìrọ̀lẹ́ yìí lẹgbẹ́ orin wa fẹ́ ṣeré ní Ẹ̀gbẹ́dá," ni Hamdalah wí. "Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa jẹ́ ká gun orí ìtàgé. Ohùn tí ẹ yọ yẹn, òun gan-an ni orin náà!"

"Orin wo? Kí lẹ tiẹ̀ ń pè é ná?"

"Hẹ́fì mẹ́tàlì."

"Kí ló wá ń sọ? Èèyàn ò gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀."

"Ẹ ò bi mí rí."

"Mo ń bi ẹ́ báyìí."

"Ìjà lẹ̀ ń bá mi jà báyìí, Mọ́mì. Ẹ ò bi mí."

Ọ̀rọ̀ náà tojú sú Sìdíkátù. Kò sí ẹ̀rọ tí kò fi tọ́náfíìsì ṣí rí, àfi ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, bó bá bi í pé kí ló dé, "kò sí nǹkan" ni. Àmọ́ kó wọ yàrá, kó tilẹ̀kùn, ni yóò bá gbé gìtá, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú bí ẹkùn.

"Ó dáa. Kọ ọ́ níbí. Bó bá ní ìtumọ̀, kí n gbọ́ ọ."

Pẹ̀lú ìbínú ni Hamdalah fi ki wáyà gìtá bọ inú àpótí náà, ó sì so ó mọ́ gbohùngbohùn kan nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ta á, ó sì la ẹnu. Bó ṣe máa ń bú náà ló bú, ṣùgbọ́n ariwo gìtá kò sí níbẹ̀ mọ́ láti bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ìhòòhò ni ọ̀rọ̀ náà jáde:

"Wọ́n ní n má ké, n má ké,
Ilé kún fún àlejò.
Mo gbé igbe mì bí òkò,
Òkò ọ̀hún ò dà nínú mi.
Ẹni tó fọwọ́ bò mí lẹ́nu,
Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n jù mí lọ..."

Ó dá a dúró láàárín. "Ṣé ẹ rí i? Ó dà bí ẹni tó ń ka ìròyìn!"

"Ó mà dùn o!" ni Àmúsà pariwo láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Báyìí ni kẹ́ ẹ máa kọ ọ́!"

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Sìdíkátù ń wò. Lọ́jọ́ tí Ọláṣùpọ̀ kú, kí wọ́n tó kírun àsàrí, wọ́n ti sin ín. Àfáà ní a kì í pohùnréré lórí òkú. Àwọn ẹbí ọkọ láti Ògbómọ̀ṣọ́ kún pálọ̀, gbogbo wọn ń wò. Bí Hamdalah ṣe la ẹnu láti ké, òun ló sáré fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Ó rò pé òun ń ràn án lọ́wọ́ ni.

"Èmi ni," ló wí.

"Mi ò ní ẹ̀yin ni."

"Èmi ni jàre. Báwo lo ṣe mọ̀ pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n?"

"Ẹnu mi ló ṣáà wà, Mọ́mì."

Sìdíkátù fa agolo mílíìkì tó ń kó wóróbo sí mọ́ra. Kì í da nǹkan nù. Ó ṣa dáyóòdù méjèèjì jáde, ó ti irin tó fi ń jó lẹ́ẹ̀dì bọ iná, ó sì dá wọn padà síbi tó ti yọ wọ́n, ọ̀kan kọjú síhìn-ín, èkejì kọjú sọ́hùn-ún.

"Ta á wò."

Hamdalah ta á. Ohùn náà bú jáde, agolo ń gbọ̀n lórí tábìlì, Àmúsà sì gbá fèrèsé rẹ̀ dé gbàà. Kò dùn létí Sìdíkátù síbẹ̀síbẹ̀. Ó dúró tì í, kò di etí.

"Ṣé ó ti burú tó?"

Hamdalah ronú sí i díẹ̀. "Ó kù díẹ̀."

Sìdíkátù tún ti irin náà bọ iná. "Sún mọ́ mi," ló wí. "Bá mi di wáyà yìí mú."