Abẹ́rẹ́ Ṣáínà Léjìká Mobáyọ̀

Ẹ̀gbọ́n Fọláhàn, alàgbà ìjọ wa ní District Heights lókè òkun níbí, ló ká mi mọ́. Sátidé kan ni lọ́dún 1997. Bí mo ṣe ń jáde lọ́dọ̀ Dókítà Shen ní Temple Hills, òun náà ń gbé aṣọ rẹ̀ jáde nílé ìfọṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

"Sista Mobáyọ̀! Ìwọ tó ń kọ́ àwọn obìnrin ní Bíbélì, lọ́dọ̀ oníṣègùn Ṣáínà?"

"Èmi ni, sà. Èjìká mi ni mo gbé wá. Ẹ kú iṣẹ́ aṣọ."

"Ṣé o rí àmì dúdú àti funfun tó wà lára gíláàsì yẹn? Òrìṣà wọn nìyẹn! Lọ́la, lẹ́yìn ìsìn, ẹgbẹ́ obìnrin á dìbò. Kíláàsì yẹn máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ."

Ó kó sínú Camry rẹ̀, ó lọ.

Gbígbé aláìsàn ní hòsípítù ló ba èjìká ọ̀tún mi yìí jẹ́. Mi ò lè na apá náà dé etí. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ará ilé bàbá mi ló dè é mọ́lẹ̀. A gbààwẹ̀, a gbàdúrà, mo ṣe àmín. Apá ò gbéra. Láàárọ̀ mo ń gbé yìnyín lé e bí wọ́n ṣe kọ́ wa lẹ́nu iṣẹ́. Lálẹ́ mo ń fi Àbọ́níkì ra á bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Dókítà Shen, ó gbóòórùn Àbọ́níkì lára mi, mo sọ ti yìnyín fún un, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Nọ́ọ̀sì, òtútù láàárọ̀, ooru lálẹ́! Èwo lo fẹ́ kó ṣẹ́gun?"

Ó wo ahọ́n mi, ó tẹ ọrùn-ọwọ́ mi lọ́tùn-ún lósì. Mo ní kó tó gún mi, kó sọ ìtumọ̀ àmì yẹn. N kì í gba abẹ́rẹ́ tí mi ò mọ ìdí rẹ̀.

Ó ní òkè ni. Àwọn àgbà wọn láyé ọjọ́un wo òkè kan: ẹ̀gbẹ́ kan gba oòrùn, ẹ̀gbẹ́ kejì wà lábẹ́ òjìji, tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á pààrọ̀. Wọ́n ní bí ara èèyàn ṣe rí nìyẹn, ìkan ò gbọ́dọ̀ lé èkejì jáde.

"Tibi tire," ni mo wí.

Ó ní kí ni mo sọ? Mo ní àwa náà ní òkè.

"Ṣáájú ìyẹn ńkọ́?" ni mo bi í.

Ó ní ṣáájú ìyẹn, bí ẹnìkan bá ń ṣàìsàn, òkú ilé wọn ni wọ́n ń di ẹ̀bi rù. Wọ́n á ti eegun màlúù bọ iná, wọ́n á wo ibi tó là sí, bóyá bàbá-ńlá kan ló ń bínú. Àwọn oníṣègùn kan ló dìde, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, wọ́n ní ó tó! Atẹ́gùn ni, òtútù ni, oúnjẹ ni, ìbínú téèyàn dì sínú ni.

Mo na èjìká sí i. "Ó yá, gún un."

Lọ́jọ́ Sunday, ọjọ́ kejì tó ká mi mọ́, lẹ́yìn ìsìn, Ẹ̀gbọ́n Fọláhàn dìde láàárín àwọn obìnrin. "Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹni tó ń sá tọ òrìṣà Ṣáínà ni á máa kọ́ yín ní ìwé Róòmù?"

Mo kúnlẹ̀ kí àwọn ìyá, mo dìde, mo rọ̀jò ọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o. Àwọn tí ẹ ń pè ní abọ̀rìṣà, oníṣègùn wọn ti yéé di ẹ̀bi àìsàn ru òkú kí wọ́n tó bí Jésù. Ẹ̀yin, lóṣù tó kọjá, ẹ ní ará ilé bàbá mi ló so èjìká mi! Bàbá mi tí ò ní ju àbúrò kan lọ, tó ń ta táyà n'Íbàdàn! Kí ni onítáyà fẹ́ fi èjìká mi ṣe?"

Ẹ̀rín sọ.

"Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tó wà nínú fìríìjì ilé yín ní Kettering ńkọ́? Ìyàwó yín fúnra wọn ni wọ́n bù ú fún mi mu!"

"Egbòogi nìyẹn!"

"Ta ló rì í bọmi, tí wọn ò ri ti Ṣáínà bọmi?"

"Ó tó! Ẹni tó bá fẹ́ kó gbé kíláàsì sílẹ̀, kó nawọ́."

Ọwọ́ mélòó kan gòkè, pẹ̀lú ìtìjú.

"Ẹni tó ní kó dúró?"

Gbogbo wọn ń wojú alàgbà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣáájú. Bí kò bá sẹ́ni tó nawọ́, kíláàsì mi ti lọ nìyẹn.

Mo na tèmi. Apá ọ̀tún. Ó kọjá àyà, ó dé èjìká. Ó ń ta mí bí ata. Kí n má parọ́, kò tíì san tán. Mo payín keke, mo tì í kọjá etí, mo nà án sókè gbọọrọ.

Ìyá Ìjọ, tó máa ń bá mi fa síìpù ẹ̀yìn aṣọ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì látìgbà Àjíǹde, figbe ta. "Háà! Apá Mobáyọ̀!" Ìyá na tiwọn. Anna tá a jọ ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì na tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìrora èjìká ò jẹ́ kí n lè wẹ̀yìn mọ́ wo ẹni tó kù.

"Alàgbà, ẹ ka ọwọ́," ni mo wí. "Mi ò ní sọ apá yìí kalẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá kà á tán."