Pákò Ojú Fèrèsé

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ń kàwé, mo kí yín o. Ìwé tí mo kà ò pọ̀, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni màá ṣe kọ ọ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ìsàlẹ̀ Gángan ló ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí, ilé wa sì fẹ̀yìn kan ti ẹbí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí.

"Mú ọ̀kan níbẹ̀, Bọ́lánlé! Àbí ojú ẹ fọ́ ni?"

Ìyá Dáfídì ló ń pariwo yẹn. Ó gbé àwo síwájú ìyàwó ọmọ ẹ̀, pákò mẹ́ta tuntun wà nínú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ẹbí yẹn nìyẹn: tí ọkọ bá kú, àwọn ọkùnrin ilé á gbé pákò sílẹ̀. Èyí tí opó bá mú, ẹni tó ni ín ló máa ṣú u lópó. Wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè o, ẹ má bi mí.

Bọ́lánlé ò mú. Ọmọ Iléṣà ni, aránṣọ. Dáfídì ọkọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó wọkọ̀ ní Marina lọ sí Kàlàbá, kò padà. Tílẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí, Bọ́lánlé á kúnlẹ̀ lójú fèrèsé, á máa ké pe Ọlọ́run kó dá a padà. Ìyá ọkọ ẹ̀ tó wà ní yàrá kejì á mú ọmọ odó, á máa fi gbá ògiri. "Panu dé! Ṣé ìwọ nìkan lo ni ín? Èmi ni mo bí i!"

Àfìgbà tí Jíbrílù, tóun àti Dáfídì jọ ń ṣiṣẹ́, tiro dé láti Kàlàbá. Ó ní ìgbì ló dojú ọkọ̀ àwọn dé, pé òun wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin Dáfídì. Bọ́lánlé wọṣọ dúdú, ó ṣọ̀fọ̀, síbẹ̀ ó ṣì ń gbàdúrà kí Ọlọ́run dá a padà. Ìyẹn ló bí àwọn ẹbí ọkọ ẹ̀ nínú jù. Ọjọ́ tó bọ́ṣọ opó ni wọ́n gbé àwo dé.

Túnjí, àbúrò Dáfídì, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, Ọlọ́run tó ò ń jí pè láràárọ̀ ńkọ́? Ṣé ó sùn lọ ni?"

"Ó gbọ́ mi," ni Bọ́lánlé wí. "Kò ṣe é ni. Inú ń bí mi sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè ní kí n dìde lórí ìkúnlẹ̀."

"Ìsọkúsọ!" Bàbá Adéyẹmí, olórí ẹbí, jágbe mọ́ ọn. "Mú pákò, àbí kó o kó ẹrù ẹ. Modúpẹ́ ò sì ní bá ẹ lọ. Ọmọ ilé yìí ni."

Modúpẹ́, ọmọ tí Bọ́lánlé bí fún Dáfídì, di ìró ìyá ẹ̀ mú. Ọmọ tí ò tíì já lẹ́nu ọmú dáadáa!

Bọ́lánlé wọ yàrá. Wọ́n rò pé ẹrù ló lọ kó. Ó jáde, ó fi pákò kan kún ti inú àwo. Pákò yẹn ti gbẹ, orí ẹ̀ ti fọ́n ká.

"Bàbá, ṣé ọmọ ilé yìí kọ́ ló ni èyí? Ojú fèrèsé ni Dáfídì fi í sí láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ. Òun ni mo mú."

"Òkú ń gbé pákò sílẹ̀ ni?" Túnjí nawọ́ kó yọ ọ́ sọnù.

Ìyá Dáfídì gbá a lọ́wọ́. Ó mú pákò, ó gbé e súnmọ́ ojú. Ojú eyín Dáfídì ṣì wà lára ẹ̀, pẹ̀lú àlàfo èjí tó jogún lọ́dọ̀ òun ìyá ẹ̀. Ló bá dojú àwo dé sílẹ̀.

"Ẹ ṣa pákò yín. Ó ti mú tiẹ̀."

"Ìyá Dáfídì!"

"Mo ní ó ti mú tiẹ̀! Ta ló máa sọ fún mi pé pákò ọmọ mi kì í ṣe pákò?" Ó wá kọjú sí Bọ́lánlé. "Ìwọ náà, má wò mí bẹ́ẹ̀. N ò fẹ́ràn ẹ o. Látọjọ́ tó o ti délé yìí ni mi ò ti fẹ́ràn ẹ."

Ó fi pákò sétí ìró, ó wọlé lọ.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Bọ́lánlé kúnlẹ̀ lójú fèrèsé. Kò ní kí Dáfídì padà mọ́. Ó rọra ń sọ̀rọ̀, torí ògiri. "Ọlọ́run, mo dúró, o ò dá a padà. Mo ṣì wà níbí. Bá wa tọ́jú Dáfídì."

Gbì! Ọmọ odó gbá ògiri. Bọ́lánlé panu mọ́.

"Gbóhùn sókè!" Ìyá ọkọ ẹ̀ ló ń pariwo. "N ò gbọ́ orúkọ ẹ̀!"

Tèmi rèé o. Tí irú ẹ̀ bá ti ṣojú yín rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Tẹ́ ẹ ò bá mọ̀wé púpọ̀, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, èmi náà ò mọ̀ ọ́n.