Fíìmù fún Yàrá Bàbá Lágúnjú

Kámẹ́rà tí Ìyábọ̀dé gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágere kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Ọpẹ́yẹmí, ló ni ín kó tó kú sínú ìjàǹbá ọkọ̀. Mo fi bátìrì tuntun sí i. Ojú rẹ̀ ṣí, ẹ̀rọ inú rẹ̀ kùn bí oyin, inú mi sì dùn, nítorí ohun tó ti sùn fún ọdún mẹ́tàdínlógún kì í sábà jí.

"Fíìmù ni mo fẹ́," ó ní. "Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì ń tọ́jú rẹ̀."

"Kí lẹ fẹ́ fi yà, mádàámù?"

"Bàbá mi."

Bàbá Lágúnjú, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, wà lórí ìdùbúlẹ̀ ní Òkèrèwè. Àwọn dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Gbogbo fótò rẹ̀ ló jóná mọ́ ilé nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Látìgbà náà, kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi fóònù ya òun. Ó ní ohun tí olè lè já gbà lójú títì kì í ṣe fótò. Ọpẹ́yẹmí ti ṣèlérí pé òun máa fi kámẹ́rà yìí yà á, kò rí i ṣe. Kámẹ́rà yìí nìkan ni Bàbá gbà kí wọ́n fi ya òun.

"Tí wọ́n bá lọ báyìí," Ìyábọ̀dé ní, "ojú wọn ò sí níbì kankan. Àwọn ọmọ mi ò ní rí nǹkan kan wò."

Fíìmù mẹ́ta ló kù nínú fíríìjì mi. Ọ̀kan jẹ́ aláìláwọ̀, tó ń yọ dúdú àti funfun; oògùn tí a fi ń fọ irú rẹ̀ ti tán lọ́wọ́ mi, nítorí náà mo yọ ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà èkejì jẹ́ 100, tuntun ni, ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà fíìmù bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́ ṣe ń pọ̀ tó; oòrùn tàbí fíláàṣì ni 100 máa ń fẹ́.

"Fèrèsé mélòó ló wà nínú yàrá Bàbá?"

"Ẹyọ kan. Fíláàṣì ò sì ṣeé lò. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún wọn, bí iná bá tàn sí wọn lójú, omi á máa dà títí di alẹ́."

Ó ku ẹ̀kẹta: 400, tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá láti ọdún 2013. Òun ló lè ríran nínú yàrá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù tó ti pẹ́ dà bí arúgbó, ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́ máa ń pọ̀ sí i. Kámẹ́rà yìí kò sì ní bọ́tìnnì tí a lè fi sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ara agolo fíìmù ló ti ń ka nọ́ńbà rẹ̀: ibi dúdú àti ibi dídán wà lára agolo náà, àwọn irin tín-ín-rín inú kámẹ́rà á sì fọwọ́ kàn wọ́n bí afọ́jú ṣe ń ka ìwé. Mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà kúrò lójú ibi dúdú méjì, mo sì fi téèpù bo ibi dídán kan. Lójú kámẹ́rà, 400 di 200, á sì fún un ní ìmọ́lẹ̀ sí i.

"Ẹ̀ ń purọ́ fún un nìyẹn," Ìyábọ̀dé ní.

"Kó lè sọ òótọ́ ni."

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ la dé Òkèrèwè. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n ti tẹ etí rẹ̀ mọ́ abẹ́ tìmùtìmù yíká. Wọn kì í ká a sókè lọ́sàn-án, nítorí egbò ti wà lẹ́yìn Bàbá, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè lé eṣinṣin mọ́. Mo gbé kámẹ́rà lé orí àpótí, kó má bàa mì.

"Ìwọ ni fótò?" Bàbá béèrè láti inú nẹ́ẹ̀tì.

"Èmi ni, sà. Awóníyì."

"Ta ló máa ń sọ fún kámẹ́rà yìí ibi tí èèyàn wà?"

Kò sí ìbéèrè tí mo fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀. "Á ju ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú kì í rí, sà. Ìmọ́lẹ̀ náà á lù yín, á padà wá bá a. Bó ṣe padà ló fi ń mọ bí ẹ ṣe jìnnà tó."

Bàbá wo nẹ́ẹ̀tì. "Ṣé kò ní rò pé nẹ́ẹ̀tì lèmi?"

"Rárá, sà. Ojú nẹ́ẹ̀tì fẹ̀. Mò ń rí yín kedere."

"Mi ò béèrè èyí tí ìwọ ń rí."

Ìyábọ̀dé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì tẹ̀ ẹ́. Mo yà á nígbà ogún ó lé. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó na ọwọ́ òsì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti nẹ́ẹ̀tì pé ó tó. Mo ya ìyẹn náà.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo fọ fíìmù náà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pé, àwọ̀ ògiri hàn, mo sì ń kọrin bí mo ṣe ń sá a. Lẹ́yìn náà ni mo gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lé e. Gbogbo òwú nẹ́ẹ̀tì ló hàn, ẹ lè kà wọ́n. Lẹ́yìn wọn, ojú Bàbá dà bí èéfín. Mo wò ó láti èkíní dé ìkẹyìn. Níbi tó ti fi ọwọ́ kan nẹ́ẹ̀tì nìkan ni nǹkan kan ti hàn lára rẹ̀: àtẹ́lẹwọ́, àti àpá àdá lórí ìka àárín.

Ilẹ̀ mọ́, mo kó àwọn fótò tí mo ti tẹ̀ jáde, mo ki fíìmù 100 bọ àpò, mo ní a máa gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ súnmọ́ ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo dé Òkèrèwè, wọ́n ń to àga síta fún àwọn tó ń bọ̀ wá kẹ́dùn.

Ìyábọ̀dé wo àwọn fótò náà níbi tó dúró sí. Ó pẹ́ lórí èyí tó jẹ́ ti ọwọ́.

"Ojú wọn ńkọ́?"

"Nẹ́ẹ̀tì ni kámẹ́rà rí," mo ní. "Bàbá sọ fún mi."

Kò bú mi. Ó yà fún mi lọ́nà. "Ẹ wọlé. Wọ́n ti ká nẹ́ẹ̀tì."

Bàbá ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, nẹ́ẹ̀tì náà wà níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po dáadáa. Mo fi fíìmù tuntun sínú kámẹ́rà. N kò ha nǹkan kan, n kò bo nǹkan kan. Yàrá náà ṣókùnkùn fún un, nítorí náà mo tan fíláàṣì. Kò sí ojú tó máa dùn mọ́.

Ẹyọ kan péré ni mo yà. Ó mọ́ kedere, títí dé irun ìpéǹpéjú.

Ti ọwọ́ ni Ìyábọ̀dé gbé kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀. Èyí tó ní ojú Bàbá ṣì wà nínú àpò ìwé tí mo fi gbé e fún un. Kò tíì ṣí i.