Orúkọ Tí Kọ̀ǹpútà Kò Rí

"Nọ́ọ̀sì, gún un lábẹ́rẹ́. Kí lò ń dúró dè?"

Bùshrà kò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tí alùpùpù gbá ní àdúgbò Lamashegu wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò mọ ara rẹ̀, iyanrìn kún ojú egbò ẹsẹ̀ rẹ̀. Abdul-Karim ló wà lára káàdì inú àpò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bùshrà tẹ orúkọ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀rọ ní òun kò mọ̀ ọ́n.

"Kò wá síbí rí nìyẹn," ni Dókítà Akínlẹ́yẹ wí. Kò tíì pé ọdún kan tó ti Nàìjíríà dé sí Tamale, ní Gánà. "A ti ń tọ́jú èèyàn kí kọ̀ǹpútà tó dé."

"Ẹ sì sin àwọn míì, sà. Mi ò ní gún un láìrí ìwé rẹ̀."

"Ìwọ ọmọ Tamale yìí, ṣé èmi lò ń dá lóhùn?"

Abéèrè kì í ṣìnà. Bùshrà ti yíjú sí Ràbíátù, ìyàwó ọkùnrin náà, tó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Màmá, ṣé ẹ ti gbé wọn wá síbí rí?"

"Lọ́dún tó kọjá. Ikọ́ ni. A sùn síbí fún ọjọ́ méjì."

"Ta ló sọ orúkọ wọn fún akọ̀wé?"

"Èmi ni."

"Ẹ sọ pé Abdul-Karim?"

Ràbíátù wò ó bí ẹni tí wọ́n bú. "Haba. Kí èmi la ẹnu pe olówó orí mi lórúkọ? Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Bùshrà. Onílé ló mọ ibi tí ilé rẹ̀ ti ń jò. Láti ìgbà tó ti dáyé, kò gbọ́ kí ìyá rẹ̀ pe orúkọ bàbá rẹ̀ rí.

"Kí lẹ wá pè wọ́n?"

"Bàbá Ìkrìmà. Àkọ́bí wa nìyẹn."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà ṣí. Ọjọ́ orí bára mu, àdúgbò bára mu. Lẹ́tà pupa wà lókè pátápátá: pẹnisílìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, kí ẹnikẹ́ni má fún un mọ́.

Dókítà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ oògùn mìíràn, ó wúkọ́.

"Síbẹ̀, o kọ àṣẹ mi lójú ará ìta. Màá fẹjọ́ rẹ sun mátírọ́ọ̀nù."

"Ẹ fi mí sùn, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé láti sọ irú abẹ́rẹ́ tí mo kọ̀."

Bùshrà yí ẹ̀yìn sí i, ó di apá Bàbá Ìkrìmà mú, ó ń wá iṣan.