Ìyá Méje Tó Buwọ́ Lùwé

Kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún yín pé àwọn ẹ́mbásì ló le jù láyé. Ẹ ò tíì rí bàbá mi ni.

Èmi Muslimah, kòkòrò tó ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ ni mò ń ṣèwádìí lé lórí. Yunifásítì kan ní Hólàǹdì ní kí n wá bá àwọn ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí mi ò bá rí físà gbà lọ́dún yìí, ẹlòmíì ni wọ́n máa mú. Ẹ́mbásì wá ní kí n fi hàn pé owó tí màá fi jẹun, tí màá sì fi sanwó ilé, wà ní báńkì. Owó oṣù mi ò sì tó nǹkan kan. Bí mo ṣe lọ sọ ọ́ fún bàbá mi, Àlàájì Bùrẹ́ímọ̀ tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní Ifọ̀, nìyẹn.

Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ẹbí ti gbọ́. Owó ń wọlé láti Ajúwọ̀n, láti Ìbàfò, títí kan ọ̀dọ̀ àwọn tí mo rò pé wọ́n ti gbàgbé mi. Mo jó nínú yàrá, èmi nìkan.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé ìwé àkáǹtì náà lọ bá Fisáyọ̀, ọ̀rẹ́ mi tó máa ń bá èèyàn to ìwé físà ní Mówè.

"Muslimah, o ti bà á jẹ́ o! Àkáǹtì tó gbẹ láti ọdún tó kọjá, ó wá kún lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Wọ́n á ní o yá owó ṣojú ayé ni. Jẹ́ kí gbogbo ẹni tó fowó ránṣẹ́ buwọ́ lùwé pé ẹ̀bùn ni, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n jẹ́ sí ẹ."

Ní àárọ̀ Sátidé, ẹbí pé síbi iṣẹ́ bàbá mi, wọ́n jókòó lórí búlọ́ọ̀kù. Bàbá gba bírò, ó ní òun lòun máa kọ ọ́. Nígbà tí Fisáyọ̀ ka ìwé náà, ó dìde.

"Bàbá, ẹ ṣàánú wa. Ìyá méje ló wà níbí!"

"Méje ni."

"Ṣùgbọ́n àbúrò yín ni Màmá Bàṣírátù, sà. Ẹ jẹ́ ká kọ 'àǹtí'."

"Ìwọ lọ sọ fún un pé kì í ṣe ìyá ọmọ rẹ̀."

Fisáyọ̀ wo Màmá Bàṣírátù, tó wé gèlè wá bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Màmá náà wò ó. Fisáyọ̀ rọra jókòó. Báyìí ni ìyá méje ṣe buwọ́ lùwé, tí orúkọ wọn sì bá mi wọ ẹ́mbásì.

Obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyá méje? Èwo ló bí ọ gan-an?"

"Ẹni tó bí mi ti kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Nínú àwọn yìí, ẹnì kan san owó ilé-ìwé mi, ẹnì kan ń dirun mi, ẹnì kan ń nà mí dáadáa. Mi ò lè yọ ẹyọ kan kúrò, mà."

Ó gbé ìwé náà sílẹ̀. "Kí ló máa mú ọ padà sílé?"

Ẹnu mi ò gbà mí láyè láti ronú. "Mà, ìyá kan ṣoṣo á wá ọmọ rẹ̀ dé Hólàǹdì. Ṣé ẹ fẹ́ kí méje wá bá yín níbẹ̀?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan mo gba pásípọ́ọ̀tù mi, mo sì pe bàbá mi. Kí n tó wí nǹkan kan, ó pariwo: "Má tíì sọ ọ́! Wá sílé lọ́jọ́ Àìkú. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ ṣáájú ẹnì kejì."

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi di ọ̀rọ̀ yẹn sínú, díẹ̀ ló kù kó pa mí. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ níwájú àwọn méjèèje, ẹkún ni mo bú sí. Wọ́n rò pé ẹ́mbásì ò fún mi ní físà ni. Wọ́n ti ń rẹ̀ mí lẹ́kún nígbà tí mo na pásípọ́ọ̀tù sókè. Ariwo ayọ̀ tó sọ, àwọn ará àdúgbò sáré wá wòran.

Màmá Bàṣírátù gba pásípọ́ọ̀tù náà, ó fọwọ́ pa ojú físà.

"Ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọ́n kọ síbí?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mà."

"Ó dáa," ló wí. "A ó máa kà á."